Ọ̀pá Tó Ń Tẹ̀ Lé Omi

Mo rántí ọdún kan tí omi àbàtà kan lẹ́yìn Ajah fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ ń jẹko níbi tí ẹja àrọ̀ ti máa ń yé ẹyin, síbẹ̀ tí àkọsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì ìjọba ń sọ pé omi náà kò fi ìka kan dín. Èmi ni mo gbé àkọsílẹ̀ ọ̀hún jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo kọ ọ́ dáadáa, n kò ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni kọ, olóòtú mi sì yìn mí lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ọ̀nà ńlá tó gba ilẹ̀ Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la igbó kọjá nígbà náà, katakata ń hó láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n sì ń kọ́ ilé alájà fún mẹ̀kúnnù ní Ìlasàn. Ajah ni mọ́tò ti máa ń já èèyàn sílẹ̀, ìyókù di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo ní kálámù méjì àti bàtà aláwọ kan tó ń dán gbinrin, mo sì fẹ́ràn bàtà yẹn ju kálámù méjèèjì lọ. Mo dárúkọ bàtà náà nítorí pé òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Abúlé tí mò ń wí wà láàárín òkun àti ọ̀sà, bíi ti gbogbo abúlé ilẹ̀ náà. Bí èèyàn bá dúró láàárín rẹ̀ lówùúrọ̀, yóò máa gbọ́ ariwo òkun lápá kan, yóò sì máa gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan lápá kejì. Ẹ̀yìn ilé ni àbàtà wà, igi ògùrọ̀ yí i ká. Nígbà òjò, ẹja ni wọ́n ń pa nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi bá rọra fà, wọ́n á gbin kókò, gbúre àti ìrèké sí etí rẹ̀ tó tutù. Ẹni tó jẹ́ apẹja lóṣù Agẹmọ ló tún jẹ́ àgbẹ̀ lóṣù Èrèlé. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Onígèrè, nítorí pé ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti kékeré. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, opó tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin, ni Ìyá Oníkókò. Oko kókò ìyá yìí wà létí àbàtà gan-an. Kò ní oko mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn tó ń la ọ̀nà ti gbẹ́ kánàá kan láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọ inú ọ̀sà, kí omi má baà máa jẹ títì. Àwọn àgbẹ̀ ní láti ìgbà náà ni kánàá ti ń fa omi àbàtà lọ, pé ilẹ̀ tó máa ń tutù títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí ti ń sán bí ìkòkò tó fọ́. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ èkejì nísinsìnyí, àárín oko Ìyá Oníkókò sì ni ìlà rẹ̀ gbà. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ lọ ké sí àwọn aláṣẹ, ọ̀gá kan sọ fún wọn pé ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí, kí wọ́n lọ mú ìwọ̀n wá.

Báyìí ni wọ́n ṣe tọ Dókítà Omi lọ. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, tó sì máa ń bá omi sọ̀rọ̀ bó bá rò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Orúkọ tí abúlé fún un nìyẹn lẹ́yìn tí ìyá mẹ́ta ti gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wá bá a lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, tó wá bẹ̀ wọ́n pé dókítà omi ni òun, òun kì í ṣe dókítà ikọ́. Òun àti àwọn àgbẹ̀ jọ ṣe àdéhùn kan tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Yunifásítì yóò mú ọ̀pá ìwọ̀n wá, àwọn àgbẹ̀ yóò máa kà á. Ó gbé ọ̀pá mẹ́ta wá, tí wọ́n kùn ní funfun àti dúdú, funfun àti dúdú, láti ìsàlẹ̀ dókè. Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò kàwé, ó ya àwòrán ọ̀pá náà sórí páálí púpọ̀, ó ní kí wọ́n máa fi èédú fa ìlà sí ibi tí omi bá dé lára ọ̀pá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, páálí kan fún ọjọ́ kan. Gbogbo wọn gbà.

Kò pẹ́ tí ọ̀pá kan fi di igi ìdáná lọ́wọ́ àlejò tí kò mọ̀. Katakata tẹ èkejì pa. Ẹyọ kan tó kù ni èyí tó wà níwájú oko Ìyá Oníkókò, Bàbá Onígèrè ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé bí ibà bá tiẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n, á fi aṣọ bora, á lọ wo ọ̀pá. Ó ní: “Bó ṣe ń wo ọ̀pá yẹn, kò wo èmi bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo bímọ.”

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ ni olóòtú rán mi lọ síbẹ̀. Ìdánwò yunifásítì ti há Dókítà mọ́, kò tíì wá láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Onígèrè, mo mu omi àgbọn, bàbá náà sì gbé àpótí páálí rẹ̀ jáde bí ẹni ń gbé aṣọ ìgbéyàwó. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà òjò títí di ọjọ́ náà, ìlà èédú kò kúrò ní ìlà dúdú kẹta. “Kò yẹ̀ rárá,” ni bàbá wí, inú rẹ̀ ń dùn. Mo wo ọ̀ọ́kán láti orí àga, mo rí i tí omi ń kọ mànà láàárín igi ògùrọ̀. Ìyá Oníkókò ní kí n jẹ́ ká jọ lọ dé etí rẹ̀. Mo wo ẹrẹ̀, mo wo bàtà mi, mo ní oòrùn ti mú jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ìròyìn ò tó àfojúbà o, ọmọ oníbàtà.” Mo kọ òwe náà sílẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ mi. N kò rò ó pé èmi ló ń pa á fún.

Bí ìròyìn mi ṣe jáde nìyẹn: àwọn àgbẹ̀ ń pariwo, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọwọ́ ara wọn fi hàn pé àbàtà kò gbẹ. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ akin. Àwọn aláṣẹ gé ojú ìwé náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá sí abúlé láti wá fi ìlà kánàá kejì han àwọn èèyàn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

Ọjọ́ kejì tí ìròyìn náà jáde ni Dókítà Omi wọ ọ́fíìsì wa, ìwé ìròyìn ká lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jókòó. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní èmi ni, mà.

“Ṣé o dé etí omi?”

“Mo dé abúlé, mà.”

“Mi ò bi ọ́ ní abúlé.”

Mo fa ẹsẹ̀ mi sábẹ́ tábìlì. Ó ní òun ti ka ohun tí mo kọ nípa àwọn páálí náà, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, omi tí kì í lọ sókè tí kì í lọ sódò láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, inú àmù nìkan ni òun ti mọ̀ ọ́n. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá yẹn. Ó ní kí n múra, ilẹ̀ ọ̀la kò gbọdọ̀ mọ́ bá àwa méjèèjì nílé.

Ìyá Oníkókò ló kọ́kọ́ rí wa ní abúlé. Wọ́n ti ka ìwé ìròyìn náà fún un. Kò bínú lójú, èyí ló tiẹ̀ dùn mí jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà mi kí ó lè rí i pé mo ti yípadà, ló bá ní: “Wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Omi tí o sá fún lọ́jọ́sí ti lọ. O lè fi bàtà rìn ín dé ibi tó bá wù ọ́.” Ó mú mi lọ́wọ́, ó mú mi dé ibi tí kókò rẹ̀ wà, tí ewé rẹ̀ ti ká kò bí etí ajá tó ń ṣàìsàn. Ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, eruku sọ. Ó ní ibí yìí ni òun ti máa ń pọn omi sí oko ní irú àsìkò yìí láìtẹ̀ síwájú. A wá ń rìn lọ. A rìn kọjá ìkarahun ìgbín omi tó ti funfun, a rìn kọjá ọkọ̀ ojú omi kan tó dojú dé lórí gbígbẹ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn dé ìdí ògùrọ̀ tó jìnnà jù kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Omi tí mo rí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí: gbogbo ohun tó kù nínú àbàtà. Ọ̀pá funfun-àti-dúdú wà láàárín rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, omi sì dé ìlà dúdú kẹta lára rẹ̀ géérégé.

Bàbá Onígèrè ti wà níbẹ̀, páálí lọ́wọ́ kan, èédú lọ́wọ́ kejì. Ó kí Dókítà dáadáa, ó béèrè àwọn ará ilé. Dókítà dá a lóhùn, ó wo ọ̀pá, ó wo ẹ̀yìn wa níbi tí a ti rìn wá, ó tún wo ọ̀pá.

“Bàbá, níbo ni mo ri ọ̀pá yìí sí nígbà tí mo gbé e wá?”

Bàbá nawọ́ sí ọ̀nà oko àbúrò rẹ̀. “Ọ̀hún ni. Omi ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó tó kúrò ní ìlà dúdú kẹta ni mo gbé e tẹ̀ lé omi. Omi tún sún, mo tún sún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. N kò jẹ́ kí ó gbẹ lọ́jọ́ kan.”

“Ta ló ní kí ẹ máa gbé e, Bàbá?”

“Ta ló ní kí n má gbé e? Ẹni tó bá dẹ ìgèrè sórí gbígbẹ, atẹ́gùn ni yóò fi jẹ ẹ̀kọ. Ọ̀pá omi tí kò sí nínú omi, kí ló fẹ́ wọ̀n?”

Ó sọ ọ́ láìní ẹ̀tàn kankan, bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ogójì ọdún ló ti fi ń gbé ìgèrè tẹ̀ lé omi. Ó ti gbé ọ̀pá náà bó ṣe ń gbé gbogbo ohun tó bá wà fún omi. Dókítà jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé. Mo rò pé yóò pariwo. Ńṣe ló wí pé ẹ̀bi òun ni, pé òun kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kà á, ṣùgbọ́n òun kò sọ fún wọn pé kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, nítorí òun rò pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Onígèrè wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Ó fi páálí sábẹ́ abíyá, ó béèrè bóyá òun ti ba nǹkan jẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. “Ẹ̀gbọ́n mi, oko mi lẹ fi ọ̀pá yẹn gbé fún wọn.”

N kò tíì rí àgbàlagbà kan kí ojú tì í tó bẹ́ẹ̀. Ó dúró nínú omi dé orúnkún, kò jáde. Ẹja kékeré kan ta ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí, bí ẹni ń tọrọ àforíjì fún nǹkan kékeré tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀: “Ṣùgbọ́n mo fi èèkàn dí i fún yín o, Dókítà. Gbogbo ojú ibi tí mo ti gbé e kúrò, mo ri èèkàn síbẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà gba ojú ìdẹ yín.”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò dàgbà létí ọ̀sà. Ní abúlé yẹn, ibi tí ẹnìkan bá ti dẹ ìgèrè di tirẹ̀. Bó bá máa kúrò níbẹ̀, á fi èèkàn kúkúrú kan sílẹ̀, igi líle tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ibẹ̀ ní olóhun. Wọ́n lè jí adìyẹ ẹni, wọ́n lè bá ẹni ṣe ẹjọ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fa èèkàn ẹlòmíràn. Bàbá Onígèrè ti ka Dókítà mọ́ àwọn tó ní ojú ìdẹ nínú àbàtà, ó sì ti ń ṣọ́ ọ fún un.

Dókítà dìde lórí ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Ó ní kí Bàbá fi hàn òun. A padà sẹ́yìn, a rí i: èèkàn mẹ́rin, láti ìdí oko Ìyá Oníkókò wá sí etí omi, tí n kò fi ojú rí nígbà tí mò ń kọjá lára wọn, nítorí pé mò ń ṣọ́ bàtà mi. Bí a bá lè mọ bí ilẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó láti èèkàn kan dé èkejì, gbogbo páálí yẹn yóò padà di òótọ́. Ó ń ṣàlàyé èyí fún mi lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ha ilẹ̀. Èèkàn mìíràn ni, tó ti dúdú, tó ti gbó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òmíràn wà. Ó bi Bàbá pé ta ló ni ìwọ̀nyí.

“Tèmi náà ni. Ti ìgèrè ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú débi tí omi kò lè fà mọ́, ibi tí omi bá ti mọ mí ní orúnkún ni mo máa ń dẹ ẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àrọ̀ máa ń sá jọ sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé parí.”

Dókítà wo èmi, èmi wo Dókítà. Yunifásítì kò ní àkọsílẹ̀ ọdún kan lórí àbàtà náà. Bàbá yìí ní ju ọdún mẹ́wàá lọ, nínú ilẹ̀, kò sì mọ̀ pé àkọsílẹ̀ ni.

Ọjọ́ méjì la fi wọn ilẹ̀ náà. Dókítà yá rọ́bà gígùn lọ́wọ́ bíríkìlà kan ní Ìlasàn, irú èyí tí wọ́n ń rọ omi sínú rẹ̀ kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ilé dọ́gba. Omi kì í purọ́ fún ẹnu rọ́bà méjèèjì. Èmi di ẹnu kan mú, Bàbá di ìkejì mú, Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀, Ìyá Oníkókò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé bàtà mi kọ́ sára ògùrọ̀ kan, ewúrẹ́ sì jẹ okùn rẹ̀ kan. Bí a ṣe ń dé ìdí èèkàn kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ń sọ ọdún rẹ̀: èyí ni ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí ni ọdún tí náírà dé, èyí ni ọdún tí ọmọbìnrin mi àgbà lọ sílé ọkọ. Gbogbo èèkàn tó ti wà kí wọ́n tó gbẹ́ kánàá sún mọ́ ara wọn bí ọmọ ìyá lórí ẹní kan. Méjì péré ló ti wọlẹ̀ lẹ́yìn kánàá. Ti àkọ́kọ́ jìnnà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ ké kí ẹni tó wà níbẹ̀ tó gbọ́. Ti ọdún yẹn tún jìnnà ju ìyẹn lọ.

Àwọn aláṣẹ dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, iwájú ilé Baálẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Olórí wọn jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ òde kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó sanra, tó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó gbé ìròyìn mi sókè, ó ní ìwé ìròyìn ti parí ọ̀rọ̀. Mo dìde. Mo ní: “Èmi ni mo kọ ọ́, sà. N kò dé etí omi.” Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníkókò wí láti ẹ̀yìn pé, “Ó ti dé ibẹ̀ báyìí,” wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Dókítà wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti èèkàn láìfi ẹnikẹ́ni bú. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ dé òpin. Ó béèrè ohun tí èmi náà ìbá béèrè bó bá jẹ́ pé mo gbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ta ló lè jẹ́rìí pé kì í ṣe àná ni wọ́n ri gbogbo èèkàn yẹn mọ́lẹ̀?

Bàbá Onígèrè la ẹnu, ó pa á dé. Ẹnu ara ẹni kì í jẹ́rìí ara ẹni. Mo wo Ìyá Oníkókò. Ó ti di gèlè rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Ọkùnrin kan dìde níbi tí àwọn aláwọ̀n jókòó sí. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé òun àti Bàbá Onígèrè kì í kí ara wọn, pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí odò. Bàbá Aláwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Kò wo ojú ẹni tó ń jẹ́rìí fún.

“Èmi mọ̀,” ló wí. “Èèkàn ìgèrè kẹrin yẹn, ọdún tí náírà dé ló rì í, mo sì sọ fún un pé ojú ìdẹ mi ni. A gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ dá a láre. N kò tíì dárí jì í títí dòní, ṣùgbọ́n ibi tí èèkàn yẹn wà nígbà náà ló wà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó.”

Baálẹ̀ mi orí, ó ní òun rántí ẹjọ́ náà, àti igo ògógóró méjì tí òun ní kí Bàbá Aláwọ̀n fi bẹ ilẹ̀, tí kò tíì san ọ̀kan nínú rẹ̀. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá iṣẹ́ òde rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n mú òun lọ. Ó pẹ́ kí ó tó padà. Nígbà tó dé, ó béèrè omi, ó mu ún, ó sì sọ ohun tí mo kọ sílẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò: “Kánàá kejì dúró. A ó fi ìlẹ̀kùn onígi sí ẹnu ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó máa ṣí i lójò, tí ẹ ó máa tì í lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀pá tuntun yóò wà nínú kọnkéré. Bàbá yìí ni yóò máa kà á.”

Bàbá Onígèrè na ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n má bínú, bí omi bá wá fi kọnkéré yẹn sílẹ̀ ńkọ́? Dókítà ló dá a lóhùn: “Ẹ fi èèkàn tẹ̀ lé e, Bàbá. Ọ̀pá a máa dúró, èèkàn a máa rìn.” Bàbá rò ó díẹ̀, ó ní ìyẹn lọ́gbọ́n.

Mo kọ àtúnṣe. Olóòtú fi í sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹsàn-án, lábẹ́ ìpolówó fìtílà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan tún kọjá kí ìlẹ̀kùn onígi yẹn tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Kókò Ìyá Oníkókò jí. Ọdún mẹ́fà tàbí méje ni ó fi ń kó díẹ̀ rán awakọ̀ sí mi ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń fi rán an kò yí padà: kí wọ́n kó o fún ọmọ oníbàtà. Bàbá Onígèrè ka ọ̀pá títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Mo gbọ́ pé Bàbá Aláwọ̀n ló ń bá a wò ó ní ìgbẹ̀yìn, pé wọn kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀kan á wo ọ̀pá, á sọ iye rẹ̀, ìkejì á fa ìlà. Wọ́n ti lọ, àwọn méjèèjì, àti Ìyá Oníkókò. Nígbà tí mo kí Dókítà ní ilé rẹ̀ kẹ́yìn, páálí kan tó ní ìlà èédú lórí wà nínú férémù lára ògiri rẹ̀, níbi tí àwọn mìíràn máa ń fi ìwé ẹ̀rí sí.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a gba gbogbo àbàtà náà là. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, ilé ni mo ń rí, àti ọkọ̀ akẹ́rù tó tò lọ sí ọ̀nà Ìbẹ̀jú, àti yanrìn tí wọ́n kó dà sórí omi tí ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n apá kan kù, lẹ́yìn ilé àwọn ọmọ Ìyá Oníkókò, wọ́n sì ń gbin kókò níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé tipa ti bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sí etí rẹ̀. Àgbà oníròyìn tó ti fẹ̀yìn tì, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Mo lọ ṣá.

Mo kọ́kọ́ yà ní ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní tipa kankan kò tún gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ó ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn yóò wá ri òpó kọnkéré yí ohun tó kù ká, àwọn yóò sì fi ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí yóò máa wọn omi fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní máa kà á. Mo bi í bóyá ó ti dé etí omi náà. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, tí wọ́n yà láti òkè ọ̀run, tó mọ́ ketekete. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo gba ẹ̀yìn ilé àwọn ọmọ ìyá lọ, mo bọ́ bàtà mi, mo sì ń wo ilẹ̀ bóyá mo máa rí èèkàn bí mo ṣe ń rìn lọ sí etí omi.